Ère Gígùn àti Ère Rírù

Òwe lẹṣin ọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá sọnù, òwe ni a fi ń wá a. Àwọn àgbà tí wọ́n fi òwe wé ẹṣin kò ṣàdédé sọ ọ́. Wọ́n mọ̀ pé ẹṣin a máa gbé ènìyàn dé ibi tí ẹsẹ̀ tirẹ̀ kò lè tètè gbé e dé, wọ́n sì mọ̀ pé ẹni tó wà lórí ẹṣin a máa ríran jìnnà ju ẹni tó wà nílẹ̀ lọ. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ nǹkan gígùn ti wà lọ́kàn ọmọ aráyé. Ẹni tí kò ní ẹṣin gidi a gbẹ́ ẹ ní igi, tàbí kí ó yà á sára ògiri. Ní ayé òde òní, ojú fóònù ni àwọn ọmọdé ti ń gùn ún.

Ní agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó, láti Kétu dé Mile 12 àti Ìkòsì, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí kò mọ eré orí fóònù tàbí ti kọ̀ǹpútà kò pọ̀ mọ́. Nínú irú eré bẹ́ẹ̀, ohun kan wà tí ó máa ń dùn mọ́ àwọn ọmọ gidigidi. Ohun náà ni ère ẹranko, ìbáà jẹ́ ti òkúta, ti igi tàbí ti irin, tí ó máa ń dìde, tí ẹni tó ń ṣeré á gùn ún, tí yóò sì gbé e lọ. Ọ̀rọ̀ yìí a máa dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Àwọn òbí kan gbà pé ère ni ère ń jẹ́, pé ọmọ tó bá ń gun ère nínú eré ti fi ẹsẹ̀ kan wọ inú ìbọ̀rìṣà. Àwọn ọ̀dọ́ ní tiwọn gbà pé eré lásán ni, pé Òyìnbó ló dá a sílẹ̀, pé kò sì kan Yorùbá rárá.

Ìhà méjèèjì gbójú fo ohun kan. Ère ẹranko tí ènìyàn ń gùn kì í ṣe àlejò nílẹ̀ Yorùbá. Àwọn baba ńlá Yorùbá ti rò ó jinlẹ̀ kí kọ̀ǹpútà tó dáyé, wọ́n sì ti bi ara wọn ní ìbéèrè kan nípa rẹ̀ tí ó yẹ kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Gbogbo ojú ni ó máa ń rí ẹni tó wà lókè. Ta ni ó wà lábẹ́?

Bí ère ṣe ń dìde nínú eré

Kí ọ̀rọ̀ má bàa dà bí àlọ́, ó yẹ kí a mú àpẹẹrẹ tí ó dájú. World of Warcraft jẹ́ eré kọ̀ǹpútà tí ilé-iṣẹ́ Blizzard ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 2004. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi ni wọ́n ń pàdé nínú rẹ̀, tí oníkálukú sì ní ẹ̀dá kan tí ó ń darí. Ayé inú eré náà gbòòrò, ọ̀nà ibẹ̀ sì jìn, nítorí náà ni ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ṣe ń wá ohun tí yóò gùn. Ní ọdún 2012, nígbà tí apá eré náà tí wọ́n ń pè ní Mists of Pandaria jáde, àwọn ẹkùn kan wọ inú rẹ̀ tí kì í ṣe ẹlẹ́ran ara. Òkúta iyebíye ni wọ́n fi ṣe wọ́n. Ọ̀kan pupa, ọ̀kan ní àwọ̀ ewé, ọ̀kan ní àwọ̀ aró, ọ̀kan sì ní àwọ̀ ìyeyè. Ẹ̀karùn-ún dúdú, ẹni tó bá sì fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní mẹ́rin ìṣáájú, kí ó sì pa wọ́n pọ̀ di ọ̀kan.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀dá inú eré náà ni ó lè ṣe ẹkùn wọ̀nyí. Àfi ẹ̀dá tó bá ti kọ́ iṣẹ́ òkúta iyebíye, tí ó ti wá òkúta kiri, tí ó sì ti ní sùúrù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè ta èyí tó bá ṣe fún ẹlòmíràn. Ère ni wọ́n, síbẹ̀ wọ́n ń sáré lórí ilẹ̀, wọ́n sì ń fò lójú sánmà.

Ohun tó jọni lójú ju ẹkùn olókùúta lọ ti wọ inú eré náà ṣáájú ìyẹn, ní ọdún 2010, nínú apá tí wọ́n pè ní Cataclysm. Oògùn kan wà níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Vial of the Sands. Àwọn tó mọ iṣẹ́ pípo oògùn ni wọ́n lè ṣe é, inú ìkòkò àtijọ́ tí àwọn tó ń walẹ̀ bá hú jáde ni wọ́n sì ti ń rí ìlànà bí a ṣe ń pò ó. Ẹni tó bá lo oògùn yìí kò níí gun ẹranko kankan. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò di dírágónì, ẹranko ńlá tó ní apá, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí òkúta yanrìn, ẹlòmíràn yóò sì gùn ún lẹ́yìn. Ẹni tó ń gun nǹkan tẹ́lẹ̀ ti di ẹni tí à ń gùn.

Ọ̀dọ́ tó bá kọ́kọ́ rí èyí a pariwo pé irú rẹ̀ kò sí rí. Ọmọ Yorùbá tó bá mọ èdè àti àṣà rẹ̀ kò níí pariwo tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ fúnra rẹ̀

Nínú èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó ń ṣe iṣẹ́ yìí ni gùn. Ohùn ìsàlẹ̀ ni ó ní. Bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá jẹ́ àbọ̀ fún un, ohùn rẹ̀ a di ti àárín: wọ́n ń gun ẹṣin, wọ́n ń gun òkè, wọ́n ń gun àkàbà, wọ́n ń gun alùpùpù. Bí ó bá jẹ́ arọ́pò-orúkọ ni àbọ̀ rẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ náà a padà wá: ó gùn ún. Akẹ́kọ̀ọ́ gírámà mọ èyí dáadáa. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn kò fara balẹ̀ wò ni ìlò mìíràn tí ọ̀rọ̀-ìṣe náà ní.

Bí òrìṣà bá dé sára ẹni tó ń sìn ín, Yorùbá a ní òrìṣà gùn ún. Ẹni tí Ṣàngó máa ń gùn ni wọ́n ń pè ní ẹlẹ́gùn Ṣàngó. Nígbà tí Ṣàngó bá wà lára rẹ̀, ẹsẹ̀ ẹlẹ́gùn ni ó ń rìn, ẹnu ẹlẹ́gùn ni ó ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó gùn ún ni gbogbo ènìyàn ń kí. Àṣà yìí rékọjá òkun pẹ̀lú àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní Kúbà àti ní Haiti títí di òní, ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ẹṣin ni wọ́n fi ń pe ẹni tí òrìṣà tàbí ẹ̀mí bá gùn.

Èyí kò sọ pé ọmọ tó ń ta eré kọ̀ǹpútà ń bọ òrìṣà. Kò sí ẹbọ níbẹ̀, kò sí àwo, kò sì sí ẹni tó ń sin ohunkóhun. Ohun tó ń fi hàn ni pé èdè Yorùbá kò fi ìgbà kan rò pé ènìyàn nìkan ni ó ń gun nǹkan. Ó mọ̀ pé ènìyàn náà lè di ẹṣin. Ẹni tó ń gùn àti ẹni tí wọ́n ń gùn lè pààrọ̀ àyè, ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà sì ni ó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn méjèèjì.

Ẹṣin kékeré, ẹni ńlá

Ẹṣin kì í ṣe ẹran inú igbó kìjikìji. Eṣinṣin kan wà nínú igbó, tí ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹran, tí ó sì ń kó àìsàn ran ẹṣin títí tí ẹṣin á fi kú. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni ara ti ń tu ẹṣin. Ọ̀yọ́ Ilé wà ní ilẹ̀ ọ̀dàn. Láti ọwọ́ àwọn oníṣòwò Àríwá ni ó ti ń ra ẹṣin, àwọn ọmọ-ogun ẹlẹ́ṣin sì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tí ó fi di ìjọba ńlá. Ọ̀nà òwò Àríwá yẹn kò tíì dí títí di òní. Ẹrù tí ń gbà á kọjá ni ó yí padà. Ẹni tó bá dúró lẹ́bàá ọjà Mile 12 yóò rí ọkọ̀ akẹ́rù tó kó tòmátì, ata àti àlùbọ́sà dé láti òkè Ọya, gẹ́gẹ́ bí àwọn ẹṣin ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ láti ìhà kan náà láyé àtijọ́.

Ní ilẹ̀ Èkìtì, tí igbó pọ̀ sí, ẹṣin kì í ṣe nǹkan tí ojú ń rí lójoojúmọ́. Ọba àti olórí ogun ni ó ní agbára láti ní i. Síbẹ̀, ní Èkìtì àti ní ilẹ̀ Ìgbómìnà tó bá a pààlà, àwọn agbẹ́gilére gbẹ́ ẹlẹ́ṣin lọ́pọ̀lọpọ̀. Wọ́n gbẹ́ ẹ sára òpó ààfin àti ilẹ̀kùn, wọ́n sì gbẹ́ ẹ lé orí ère egúngún. Aréògún ará Ọ̀sì-Ìlọrin, tó kú ní ọdún 1954, gbẹ́ ẹ. Bámgbóyè ará Odò-Ọwá, tó kú ní ọdún 1978, gbẹ́ ẹ. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì, tó kú ní nǹkan bí ọdún 1938, gbẹ́ ẹ pẹ̀lú. Ọ̀kan nínú àwọn òpó rẹ̀, tí ẹlẹ́ṣin wà lórí rẹ̀, wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Metropolitan ní New York lónìí.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ wo irú ère bẹ́ẹ̀ lè rẹ́rìn-ín. Ẹṣin náà kéré bí ọmọ ewúrẹ́. Ẹni tó gùn ún tóbi, orí rẹ̀ sì tóbi ju bí ó ti yẹ lọ. Àwọn Òyìnbó kan láyé àtijọ́ rò pé àìmọṣẹ́ ni. Kì í ṣe àìmọṣẹ́. Agbẹ́gilére Yorùbá kò fi okùn wọn nǹkan tó ń gbẹ́. Iyì ni ó fi ń wọ̀n ọ́n. Orí ni Yorùbá gbà pé ó ń gbé ẹni débi tí yóò dé láyé, nítorí náà orí gbọ́dọ̀ hàn. Ẹni tí ìlú ń bọ̀wọ̀ fún ni ó gbọ́dọ̀ tóbi, ẹṣin abẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ àmì ipò rẹ̀. Ní ọ̀nà yìí, ère náà kò purọ́. Ohun tí ìlú mọ̀ ni ó ń sọ.

Ṣùgbọ́n bí ère ẹlẹ́ṣin bá dúró jẹ́ẹ́ lára òpó, ìdajì ọ̀rọ̀ ni ó sọ. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé e jáde síta ni ìdajì kejì máa ń hàn.

Ẹni tó wà lábẹ́ Ẹ̀pa

Ní àwọn ìlú kan ní ilẹ̀ Èkìtì àti ní gúúsù ilẹ̀ Ìgbómìnà, wọ́n ní ọdún kan tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀pa. Ère tí wọ́n ń gbé jáde níbẹ̀ pín sí apá méjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ara ìtì igi kan ṣoṣo ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ. Apá ìsàlẹ̀ ni ìkòkò, tí egúngún máa ń dé sórí bí akoto. Ojú méjì ni ìkòkò yìí máa ń ní, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, iṣẹ́ ara rẹ̀ kì í sì í pọ̀. Lórí ìkòkò ni ère gan-an wà. Ó lè jẹ́ Ọlọ́mọyẹyẹ, ìyá tí àwọn ọmọ yí ká. Ó lè jẹ́ Ọlọ́sanyìn, oníṣègùn. Ó sì lè jẹ́ Jagunjagun, ẹni tó gun ẹṣin pẹ̀lú ohun ìjà lọ́wọ́, tí àwọn ọmọ-ogun àti afunfèrè yí i ká.

Irú ère yìí lè ga ju mítà kan lọ, ìwọ̀n rẹ̀ sì lè ju ogún kìlógíráàmù lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni yóò gbé e sórí, tí màrìwò yóò bò ó lára, tí yóò sì jó. Bí ijó bá dé ojú ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ fò gun orí òkìtì kan láìjẹ́ kí ère bọ́, láìsì kọsẹ̀. Bí ó bá fò ó yọrí, ayọ̀ a gba ìlú, nítorí wọ́n gbà pé ọdún yóò dára. Bí ó bá ṣubú, ọkàn ìlú a dàrú.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ ro èyí wò. Ẹlẹ́ṣin wà lókè, ó gbé ọ̀kọ̀ dání, ojú gbogbo ènìyàn sì wà lára rẹ̀. Ẹṣin igi wà lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹṣin igi kò lè gbé ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ tí ń rìn, tí ń jó, tí ń fò gun òkìtì, ẹsẹ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin tí màrìwò bò ni. Kò sí ẹni tó ń rí ojú rẹ̀. Òun gan-an ni ẹṣin. Jagunjagun ìgbà àtijọ́ gun ọ̀dọ́ ìgbà ìsinsìnyí, ọ̀dọ́ náà sì fi ọrùn àti ẹsẹ̀ rẹ̀ hàn pé òun tó ẹni tí ìlú lè gbé ẹrù lé lórí. Ẹni tó ń lo oògùn inú eré kọ̀ǹpútà láti di dírágónì, kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè gùn ún, ń ṣe nǹkan tó jọ ti ẹni tó gbé Ẹ̀pa. Ìyàtọ̀ wọn ni pé ọrùn kì í ro ẹni tó wà nídìí kọ̀ǹpútà, ìlú kan kì í sì í mí kanlẹ̀ bí ó bá balẹ̀ láyọ̀.

Láti Kétu kan dé òmíràn

Orúkọ Kétu tí ó wà ní Kòsọ́fẹ́ rán ọmọ Yorùbá létí Kétu tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin, ìlú tí orúkọ rẹ̀ so mọ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jù lọ. Àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ọdún 2001 gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú ogún àṣà aráyé, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé àkójọ wọn ní ọdún 2008. Lórí ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ẹranko pọ̀. Ejò ń bá ẹyẹ jà, ẹkùn ń lé ẹran kékeré, àwọn ère kan sì wà tí apá ara wọn ń mì bí ẹni tó gbé wọn bá fa okùn. Nígbà tí alùpùpù wọ́pọ̀ ní ìgboro, àwọn agbẹ́gilére gbẹ́ ẹni tó gun alùpùpù lé orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ pẹ̀lú. Wọn kò rò pé àṣà yóò bàjẹ́ nítorí pé nǹkan tuntun wọ inú rẹ̀. Ohun tí ìlú ń gùn ni wọ́n gbẹ́.

Ní etíkun, láàrin àwọn Àgùdà tí wọ́n padà dé láti Bràsíìlì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, eré mìíràn wà. Ní Porto-Novo àti Ouidah, Burrinha ni wọ́n ń pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kékeré. Wọ́n á fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe egungun ẹranko, wọ́n á fi aṣọ bò ó, ẹni tó ń jó á sì wọ inú rẹ̀ dé ìbàdí. Ẹni tó bá wò ó láti òkèèrè á rí ẹni tó gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Bí ó bá sún mọ́ ọn, á rí i pé ẹsẹ̀ ẹni tó gùn ún ni ẹsẹ̀ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Àwọn Àgùdà Èkó ní eré tiwọn tó bá èyí tan, tí wọ́n ń pè ní Mẹ́bọì. Nínú Ẹ̀pa, ẹni kan ru ẹlẹ́ṣin. Nínú Burrinha, ẹni kan náà ni ẹlẹ́ṣin, òun náà sì ni ẹṣin.

Ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́

Iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ kan wà tí ẹṣin kò sí níbi ọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó ṣàlàyé gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ju òmíràn lọ. Láàrin ọdún 1910 sí 1914, ó gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Lára ilẹ̀kùn náà, Ògògà jókòó lórí ìtẹ́ pẹ̀lú adé lórí, ó ń gba àlejò. Àlejò náà ni Captain Ambrose, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Kò fi ẹsẹ̀ rìn wá, kò sì gun ẹṣin. Ènìyàn ni ó gbé e. Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ àwọn tó gbé e, ó sì gbẹ́ àwọn aláàárù tó ru ẹrù rẹ̀ tẹ̀lé e.

Agbẹ́gilére mìíràn ì bá ti gbẹ́ Òyìnbó nìkan. Ọlọ́wẹ̀ kò jẹ́ kí ojú fo àwọn tó wà lábẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé ilẹ̀kùn yìí lọ sí ìpàtẹ ńlá ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley ní ọdún 1924, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum fẹ́ kí ó di tiwọn. Wọ́n fi ìtẹ́ kan tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe pàṣípààrọ̀ fún Ògògà, ilẹ̀kùn sì wà ní Lọ́ńdọ́nù títí di òní. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tó bá fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ka sí ohun tí baba ńlá rẹ̀ rí gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ òfurufú. Ìpalára tó wà nínú ìyẹn kò kéré, nítorí ère tí ọmọ kò rí kò lè kọ́ ọ ní nǹkan kan. Ẹkùn olókùúta inú eré ni yóò máa rí, ìyẹn ni yóò sì rò pé ó jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọgbọ́n.

Iṣẹ́ ọwọ́ tó wà nídìí ère

Ìhà mìíràn tún wà tí ìbéèrè nípa ẹni tó wà lábẹ́ kàn. Ère kì í gbẹ́ ara rẹ̀. Àwọn agbẹ́gilére Yorùbá ní orúkọ fún ipele iṣẹ́ wọn. Àkọ́kọ́ ni ọ̀nà lílé, nígbà tí wọ́n á fi àáké la ìtì igi sí àwọn apá ńláńlá, tí orí, ara àti ẹsẹ̀ á kàn hàn bí òjìji. Èkejì ni àlétúnlé, nígbà tí wọ́n á tún apá ńlá kọ̀ọ̀kan pín sí kéékèèké, tí imú, etí àti ìka á fara hàn. Ẹ̀kẹta ni dídán, tí ara ère á jọ̀lọ̀. Ẹ̀kẹrin ni fínfín, nígbà tí wọ́n á fi ọ̀bẹ mímú fín irun, ilà ojú, ìjánu ẹṣin àti gàárì rẹ̀. Ẹni tó bá fo ọ̀nà lílé, tí ó bẹ̀rẹ̀ láti fínfín, ti ba igi jẹ́.

Àwọn tó ń ṣe ẹranko inú eré kọ̀ǹpútà kò fi àáké ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ìlànà wọn jọ èyí. Wọ́n á kọ́kọ́ fi àwọn ìrísí ńláńlá gbé ẹranko náà kalẹ̀. Wọ́n á pín wọn sí wẹ́wẹ́. Wọ́n á dán an. Wọ́n á sì fín àwọ̀, ìpẹ́ tàbí irun sí i lára. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á ki egungun tí ojú kò rí sí i nínú, pẹ̀lú oríkèé tí yóò máa ṣẹ́, kí ẹsẹ̀ lè gbéra. Wọ́n á sì sàmì sí ibi tí ẹni tó gùn ún yóò jókòó sí lẹ́yìn rẹ̀, kí ó má bàa rì wọ inú ẹran tàbí kí ó máa léfòó. Ọmọ tó wà ní Ìkòsì tó rò pé idán ni kò mọ̀ pé iṣẹ́ ni, pé ó ṣeé kọ́, àti pé àwọn baba ńlá rẹ̀ ti ní orúkọ fún ipele mẹ́rin nínú rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń kọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò le lóye. Láàrin ọdún 1947 sí 1954, àwọn àlùfáà Àgùdà ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, níbi tí Bándélé, ọmọ Aréògún, ti ń gbẹ́gi. Lámídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ níbẹ̀. Mùsùlùmí ni Fákẹ́yẹ, ṣọ́ọ̀ṣì sì wà lára àwọn tó ra iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà. Ó padà di olùkọ́ ní yunifásítì Ilé-Ifẹ̀, òkìkí rẹ̀ sì kàn dé òkè òkun kí ó tó kú ní ọdún 2009. Kò sí ẹni tó lè sọ pé ère ba ìgbàgbọ́ rẹ̀ jẹ́. Ó mọ ìyàtọ̀ láàrin ère tí wọ́n ń bọ, ère tí wọ́n fi ṣe ààfin lọ́ṣọ̀ọ́, àti ère tí wọ́n fi ń kọ́ ènìyàn lọ́gbọ́n. Ìyàtọ̀ yẹn ni ó yẹ kí òbí tó ń bẹ̀rù àti ọ̀dọ́ tó ń fojú di àṣà kọ́.

Ohun tó kù fún olùkọ́

Bí olùkọ́ bá gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ, tí ó sì bá a wí, ọmọ náà yóò dákẹ́, ṣùgbọ́n yóò tún gba fóònù mìíràn. Bí ó bá sì jẹ́ kí ó máa ṣeré lọ láìsọ nǹkan kan, ọmọ yóò dàgbà pẹ̀lú èrò pé ọ̀nà gígùn nìkan ni ó wà láyé, pé gbogbo ohun tó wà lábẹ́ òun kò ju òkúta lọ. Ewu tó wà nínú eré náà nìyẹn, ó sì ju ewu òrìṣà lọ. Ẹni tí kò bi ara rẹ̀ léèrè rí nípa ohun tó gbé e yóò gun ọkọ̀ láìro awakọ̀, yóò jẹ tòmátì Mile 12 láìro aláàárù tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lóru.

Ọ̀nà tí olùkọ́ lè gbà kò nira. Kí ó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣàpèjúwe ère kan tí wọ́n ti gùn nínú eré: ohun tí wọ́n fi ṣe é, ẹni tó ṣe é, àti ohun tó ná wọn kí wọ́n tó ní i. Kí ó wá kó wọn lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba àpapọ̀ ní Oníkan, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1957, tí kò jìnnà sí Kétu ju ìrìn ọkọ̀ lọ. Níbẹ̀ ni wọ́n á ti fi ojú ara wọn rí igi tí ọwọ́ ènìyàn gbẹ́. Kí ó jẹ́ kí wọ́n yí ère ká, kí wọ́n wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì fojú wọn ìwúwo rẹ̀. Bí wọ́n bá padà dé kíláàsì, kí wọ́n kọ àròkọ lórí ìbéèrè kan ṣoṣo: ta ni ó wà lábẹ́?

Àwọn àgbà ní ẹni tó gun ẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Iná mànàmáná yóò lọ, bátìrì fóònù yóò sì tán, ọmọ yóò sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹkùn olókùúta. Bí ó bá ti mọ ẹni tó gbé Ẹ̀pa fò gun òkìtì, ilẹ̀ tó bọ́ sí kò níí ṣe àjèjì sí i. Yóò mọ̀ pé ìlú a máa gbé ènìyàn sókè, ìlú kan náà sì ń wojú rẹ̀ láti mọ̀ bóyá òun náà ti tó ẹni tó lè rù.